Ìgbà Wo Lẹ Ṣe É? Àwọn Ohun Dídùn Tí Mo Ti Jẹ n'Ìbàdàn

Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, màmá kan á ti gbé àtẹ rẹ̀ kalẹ̀ létí títì ní Agbowó, ní òdìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Àtẹ náà kò tóbi. Ike onídèérí mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: bàbá dúdú wà nínú ọ̀kan, gúrúńdí wà nínú èkejì, ẹ̀pà sísun wà nínú ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fi owó náírà ra ohun dídùn nígbà tí mo dé ìlú yìí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń lọ títí di òní, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Kétu ni mí. Kétu Alákétu ni mo wí, tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe Kétu Èkó tí ọkàn àwọn ará ibí máa ń lọ sí bí mo bá ti dárúkọ ìlú mi. Yorùbá là ń sọ nílé wa, Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, sẹ́ẹ̀fà la sì fi ń nájà. Bàbá mi, tó ṣe tísà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló ní bí mo bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ, kí n wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni láti 1948. Mo ti lo ọdún mẹ́ta níbí báyìí. Àwọn ọmọ ilé wa tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kí làwọn máa rí jẹ. Nípa àmàlà, ẹnikẹ́ni ló lè júwe ibi tó dáa fún wọn. Nípa ohun dídùn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí owó ara mi ni mo fi tọ́ ọ wò.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo ti mọ̀ láti ilé. Kúlíkúlì kì í ṣe àjèjì sí mi. Pọfupọfu ni yovodoko tí wọ́n ń dín kiri ní Kútọ̀nù. Wàrà ni wagasi. Àwọn tó ṣe àjèjì sí mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá sì rò pé torí pé èdè wa pa pọ̀, ẹnu wa náà pa pọ̀, ẹni náà kò tíì jẹ dòdò Ìkirè.

Bàbá dúdú ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ọṣẹ dúdú ni wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó dúdú, ó ń dán, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ kedere wé e, wọ́n sì lọ́ ọ ní ìhà méjèèjì. ₦50 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan nígbà náà. Ó ti di ₦100 báyìí. Mo sọ ọ́ sẹ́nu, mo sì rún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má rún un. Ẹ fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ẹ panu dé, ẹ jẹ́ kó máa yọ́ fúnra rẹ̀. Ṣúgà lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni àgbọn á dé, kì í ṣe òórùn àgbọn inú bísíkíìtì, àgbọn gidi, tó ní òróró lára, tó ń bo ahọ́n. Nígbà tó bá ku bíńtín, ìkorò kékeré kan á yọjú, bíi ti ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìkorò yẹn ni mo fi ń dá ojúlówó mọ̀. Èyí tí kò bá ní in, wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná kó tó jinná.

Mo bi màmá náà pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ ibo ni ẹ́?" Mo ní Kétu. Ó ní, "Kétu Èkó?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnìkan lè ti ìlú Faransé wá kó sì máa sọ Yorùbá báyìí. Ó wá ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà. Bóo bá lè jí, máa bọ̀ nílé láàárọ̀ Sátidé, kóo wá fojú ara ẹ rí i."

Mo jí. Ilé wọn wà nínú àdúgbò lọ́hùn-ún, ní ojúlé kan tí mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àgbọn mẹ́rin ti wà nílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn àdá fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́n omi wọn sínú ife, ó sì gbé e fún mi mu, torí ó ní omi yẹn kọ́ ni wọ́n ń lò, oje tí wọ́n bá fún jáde ni. Ó fi ọ̀bẹ yọ àgbọn kúrò lára èèpo, ó fọ̀ ọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín lórí agolo tòmátò kan tí wọ́n là, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì fi ìṣó lu ihò sí káàkiri. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìka rẹ̀ kì í kan agolo náà rárá. Bí àgbọn ṣe ń kéré sí i ni ìka ń sún sẹ́yìn, títí á fi ku èyí tó tó èékánná, á sì sọ ìyẹn sẹ́nu. Mo ní kí n bá a rin díẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ẹ̀jẹ̀ fi yọ ní ìka mi méjì, ó sì gba agolo náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jókòó, máa wò ó."

Ó da omi gbígbóná lé àgbọn tó rin, ó kó o sínú aṣọ funfun, ó fún un. Ó gbé oje náà kaná lórí èédú nínú ìkòkò irin tó nípọn, ó fi agolo mílíìkì wọn ṣúgà sí i, ó sì jókòó tì í. Fún wákàtí kan ó lé díẹ̀, orógùn kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó hó, ó yọ fóófòó, ó fà sílẹ̀. Òróró àgbọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ń dán létí ìkòkò. Funfun di àwọ̀ tíì onímílíìkì, ìyẹn náà di pupa rúsúrúsú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tó dé ibẹ̀, màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Abọ́ omi tútù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀, ó kán an sínú omi náà, ó sì mi abọ́. Kò dún. Ó ń rò ó lọ. Ó tún kán òmíràn, kò dún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èyí tó kán sínú omi kọlu ara abọ́, ó dún "kó". Kíá ló gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Ní kíláàsì wa, tẹmọ́mítà ni wọ́n fi kọ́ wa ní ohun kan náà. Bí omi bá ṣe ń gbẹ kúrò nínú ṣúgà ni ìgbóná rẹ̀ á máa gòkè. Bó bá ti tó nǹkan bí 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohun tó kù nínú ìkòkò á le gbagidi nígbà tó bá tutù, á sì máa dún bí dígí. Màmá kò ní tẹmọ́mítà. Etí rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n, mi ò sì rí ọjọ́ kan tó ṣì í wọ̀n.

Ibi tó kù ni ibi ìkánjú. Ó fi òróró díẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, ó ń ṣẹ́ ẹ bó ṣe gbóná yẹn, ó ń yí i, ó ń tò ó sórí àwo páànù, torí bó bá fi lè tutù tán nínú ìkòkò, kò ní ṣe é yí mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jókòó, wọ́n ń fi ọ̀rá wé e. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó fún mi ní mẹ́rin, ó ní, "Bóo bá fẹ́ ra nǹkan báyìí lọ́wọ́ ẹlòmíì, bi í pé ìgbà wo ló ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é mọ ọjọ́ tó ṣe é." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè. Mo béèrè ní Dùgbẹ̀, mo béèrè ní Ṣángo, mo béèrè ní Ìwó Road. Ẹni tó bá dáhùn pé "Àná ni" tàbí "Àárọ̀ yìí ni" láìronú, mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní "Ó ṣì dáa, máa jẹ ẹ́", mo máa ń kí i pé ẹ kú ọjà, màá sì kọjá lọ.

Bàbá dúdú náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ o. Ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá di ìgbà òjò, pàápàá ní oṣù kẹfà sí ìkeje, á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, ẹ ó sì máa fi eyín ya ọ̀rá lára rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù. Nígbà yẹn, ó máa ń ṣẹ́ pẹ́ẹ́. Ẹ̀bi kejì ni pé màmá kì í wá lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, kì í sì í wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ti lọ síbẹ̀ lásán ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Gúrúńdí rẹ̀ kò burú. Àgbọn tó kù nínú aṣọ lẹ́yìn tó ti fún oje rẹ̀ tán ló fi ń ṣe é: á da ṣúgà àti ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn, á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, á yan án. Inú mi dùn sí i pé kò sí ohun tó ṣòfò lára àgbọn náà. Ṣùgbọ́n oje ti jáde lára rẹ̀, ẹnu sì mọ̀ ọ́n. Ó máa ń gbẹ lọ́fun. Nínú gàrí tútù ni mo ti ń gbádùn rẹ̀: kí ẹ da omi tútù sí gàrí, kí ẹ run gúrúńdí méjì sí i, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́ kó tó rọ̀.

Ó wá kan dòdò Ìkirè. Lọ́dún tó kọjá, àwa kan nínú kíláàsì wọ mọ́tò ní Ìwó Road, à ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí a dé Ìkirè, awakọ̀ dẹ eré, àwọn obìnrin sì sáré wá sí ojú fèrèsé, àtẹ wà lórí wọn. "Dòdò rèé o! Dòdò Ìkirè!" Mo nawọ́ owó jáde, torí mo mọ dòdò, mo fẹ́ràn dòdò. Ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ dúdú ju bàbá dúdú lọ. Wọ́n ti rọ ọ́ bíi òkìtì kékeré, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, epo ń dán lára rẹ̀ nínú ọ̀rá. Mo ní ó ti jóná. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí. Ṣáà fi sẹ́nu."

Ìbunijẹ kìíní, mi ò fẹ́ ẹ. Ata ló kọ́kọ́ lù mí, ata gbígbẹ tó ń jó ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun, epo sì kún ẹnu mi. Ìbunijẹ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí adùn tó wà lábẹ́ ata náà. Adùn rẹ̀ kò jọ ti ṣúgà. Ó nípọn, ó jọ ti oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò, ó sì ní èéfín díẹ̀ nínú. Ìbunijẹ kẹta ni mo yí padà sí ojú fèrèsé láti ra sí i, mọ́tò sì ti ṣí.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń lò, èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíì á ní ó ti bàjẹ́. Nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá pọ́n dé ibẹ̀ yẹn, ohun tó jẹ́ kó le tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀ ti di ṣúgà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dúdú kíá bí epo gbígbóná bá kàn án. Wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á dín in, wọ́n á sì rọ ọ́. Ohun tí ẹlòmíì á dà nù, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí àwọn èrò ọ̀nà ń dúró rà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yẹn gan-an.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ẹ má ra á ní gáréèjì n'Ìbàdàn bí ẹ bá lè dé Ìkirè fúnra yín. Mo ti ra á lẹ́ẹ̀mejì ní Ìwó Road. Èyí àkọ́kọ́ dáa. Obìnrin tó ń tà á sọ pé àárọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi mọ́tò gbé e wá. Èkejì ti lò tó ọjọ́ mẹ́ta, epo rẹ̀ ti dì, ata nìkan ló kù nínú rẹ̀. Mi ò béèrè lọ́jọ́ náà, torí mọ́tò ti fẹ́ gbéra.

Ọ̀rọ̀ kókóró dùn mí, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ilé ìtajà ńlá kan ní agbègbè Bódìjà, tó ní fáànù tó sì ní bébà ìsanwó, ló ń ta kókóró nínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ orúkọ sí. Mo san ₦700 lórí ọ̀rá kan. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára fi hàn pé ó ṣì ku oṣù mẹ́rin kó tó bàjẹ́. Mo tú u ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, òórùn òróró àtijọ́ sì kọlù mí kó tó dé ẹnu. Ẹ mọ òórùn yẹn: bíi ti ìkòkò àkàrà tí wọn ò fọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Òróró tí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn pẹ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀, gíláàsì tí wọ́n sì tò ó sí nílé ìtajà náà kọjú sí oòrùn. Mo gbé e padà. Ọmọkùnrin tó wà nídìí owó ní wọn kì í gba ohun tí wọ́n bá ti tú. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ láìtú u? Kò dá mi lóhùn, ó ké sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. ₦700 kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó dùn mí fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, ó sì dùn mí jù lọ nítorí kókóró fúnra rẹ̀, torí ohun tó dáa ni. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ṣúgà ni wọ́n ń pò, tí wọ́n ń yí bí igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ń dín títí á fi le. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra ti ₦200 lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kiri ní Ṣángo. Mo bi í, ó ní màmá òun dín in lálẹ́ àná. Ó ń rún wómúwómú lẹ́nu, òórùn àgbàdo sísun nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó dé géètì.

Sábo, tí kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá, ni mo ti jẹ dọ́ńkúwà. Bàbá Haúsá kan ló ń ta á, ó jókòó ti odó rẹ̀, Yorùbá Ìbàdàn tó sì ń sọ já gaara ju tèmi lọ. Ẹ̀pà sísun, àgbàdo sísun, atalẹ̀, ata àti ṣúgà ni wọ́n ń gún pọ̀, títí òróró inú ẹ̀pà á fi jáde tí á sì so wọ́n pọ̀, láìsí omi rárá, wọ́n á wá fi ọwọ́ yí i bíi bọ́ọ̀lù. Atalẹ̀ rẹ̀ máa ń ta sí imú. Nígbà tí mo bi bàbá náà ní ìgbà tó ṣe é, ó na ọmọ odó sí mi, ó ní, "Ṣé oò rí i ni?" Ó tù mí lára. Ẹ mú omi tútù dání, kí ẹ má sì jẹ ju méjì lọ ní jíjókòó kan, torí ó ń yó ni.

Èyí tó kẹ́yìn kò dùn púpọ̀ lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ̀ mí lára jù.

Mo ti mọ orúkọ àádùn láti kékeré. Ìyá bàbá mi máa ń dárúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ oyin àti iyọ̀ bó bá ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun nílé wa. Ṣùgbọ́n lójú mi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ àdúrà lásán ni. Mi ò rí i lójú rí, mi ò fi kan ẹnu rí. Ìyá àgbà ti kú kí n tó kúrò ní Kétu. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kejì, mo wọ Micra lọ sí Ọjà Ọba, nísàlẹ̀ òkè Màpó, mo ń wá ẹni tó ń ta kànáfùrù. Mo kọjá lára ìyá arúgbó kan tó kó nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ewé dì jọ sínú igbá. Mo kí i, mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní, "Àádùn ni, ọmọ mi."

Mo dúró. Mo ní kó tún un wí. Ó rò pé mi ò gbọ́ ni, ó gbóhùn sókè: "Àádùn!"

Mo tú ewé náà níbẹ̀. Ó pupa, bí ilẹ̀ tó rẹ epo, ó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Òórùn àgbàdo tí wọ́n yan ló kọ́kọ́ gbéra, tí epo pupa sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe dé ẹnu, ó fọ́nká bí iyanrìn tó lọ́ràá, ó ní iyọ̀, ó ní ata bíńtín, adùn rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ìyá náà ní oyin díẹ̀ lòun fi sí i, kì í ṣe ṣúgà. Ó yan àgbàdo náà fúnra rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó fi epo pò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ni. Ó ní àwọn tó bá ń ṣe ìkómọ àti ìgbéyàwó ló máa ń wá rà á púpọ̀ lọ́wọ́ òun, pé àwọn ọmọ ilé ìwé kì í rà á, bísíkíìtì ni tiwọn. Mo ra mẹ́fà. Ó fi ọ̀kan ṣe ènì, ó sì ní, "Ayé ẹ á dùn." Bí ìyá àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, ohùn nìkan ló yàtọ̀. Mi ò lè dá a lóhùn kíákíá. Mo kúnlẹ̀, mo ní àṣẹ.

Bí ẹ bá ń wá ohun dídùn láti fi pa ẹnu, àádùn kọ́ ni màá júwe fún yín. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú àdúrà láti kékeré, ẹ lọ sí Ọjà Ọba kí ẹ lọ tọ́ ọ wò. ₦100 ni ẹyọ kan nígbà tí mo rà á.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé lọ́dún tó kọjá, mo kó gbogbo wọn dání láti mọ èyí tó lè dé ilé ní àlàáfíà. A gba Ọmí-Àdìó lọ sí Abẹ́òkúta, a gba ibẹ̀ dé Ìmẹ̀kọ, a sì gba Ìlárá kọjá sí Kétu. Ọjọ́ kan gbáko ni, oòrùn sì mú. Dọ́ńkúwà dé bó ṣe wà. Bàbá dúdú rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún le nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Gúrúńdí fọ́ di ẹ̀rún. Àádùn dé, epo rẹ̀ nìkan ló rẹ ewé, ó sì kan ìwé mi kan. Dòdò Ìkirè ni kí ẹ má dán wò. Mo gbé e kúrò nínú àpò kí n tó dé Abẹ́òkúta. Màmá mi jẹ bàbá dúdú mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, kò sọ nǹkan kan, ó wá ní kí n júwe obìnrin tó ṣe é fún òun. Nígbà tí mo ń padà, ó di kúlíkúlì Agonlin, tí wọ́n ń ṣe ní òdìkejì odò Wẹ̀mẹ̀, sínú ọ̀rá, ó ní kí n fún un.

Mo gbé e dé Agbowó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé. Màmá alágbọn ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó gbé e sí imú, ó rún un, ó fetí sí bó ṣe ń dún lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀pà yìí mà dáa o. Ta ló ṣe é? Ìgbà wo ló ṣe é?" Mi ò mọ̀. Mo pe màmá mi lórí WhatsApp, mo sì na fóònù sí i. Ọ̀kan ń fi ohùn Kétu sọ̀rọ̀, èkejì ń fi ti Ìbàdàn dáhùn, wọ́n ń bi ara wọn léèrè bí wọ́n ṣe ń fún òróró jáde lára ẹ̀pà tí kò fi ní ku rárá kí wọ́n tó dín in. Oníbàárà méjì wá, mo bá a tà fún wọn. Mo dúró tì wọ́n títí dátà mi fi tán.